Ẹ Bi Ìyá Ọdẹ: Ìbọn .22 wo ni kí n rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Katy lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Mo ti pé ọdún 52. Àbíkẹ́yìn wa ti wọ yunifásítì, a wá ń wá ohun tí a ó jọ máa ṣe ní Sátidé. Ọ̀rẹ́ wa kan mú wa lọ síbi tí wọ́n ti ń yìnbọn sí pépà. Èmi gbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìbọn ìléwọ́ 9mm tí wọ́n kó lé ìyàwó mi lọ́wọ́ tàpá débi pé ọta mẹ́ta péré ló yìn tó gbé e kalẹ̀, ó ní òun ò ṣe mọ́. Ẹnì kan ní kí n ra ìbọn ìléwọ́ .22, tí ọta rẹ̀ kéré. Ẹlòmíràn ní ìbọn ọmọdé nìyẹn, pé mo fẹ́ fowó ṣòfò. Nǹkan bíi 500 dọ́là ló wà lọ́wọ́ mi. Nínú Ruger, Smith & Wesson àti Browning, èwo ni kí n mú?
— Ọkọ Bísí, Katy, Texas

ÌDÁHÙN: Ọkọ Bísí, ẹ bá mi kí ìyàwó yín, kí ẹ sọ fún un pé èmi náà gbé ìbọn kalẹ̀ rí.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ra ìbọn, mo wọ ṣọ́ọ̀bù kan, mo sọ pé eré ìdárayá ni mo fẹ́ máa fi ṣe. Ọkùnrin tó wà nídìí káńtà wo ọwọ́ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó fa revolver .38 kékeré kan yọ, ìbọn ìléwọ́ tí ilé ọta rẹ̀ ń yí, ó ní òun ló bá obìnrin mu. Ó kéré lóòótọ́, ó sì fúyẹ́. Ohun tí kò sọ fún mi ni pé bí ìbọn bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe tàpá tó. Kí n tó yin páálí ọta kan tán, ojú mi ti ń dì kí n tó fa apátí. Èmi ọmọ ọdẹ, ọmọ ará Ṣakí! Bàbá mi tí kì í yin ọta méjì sí ẹran kan ì bá fi mí ṣẹ̀sín. Ó tó oṣù mẹ́rin kí ojú mi tó ṣíwọ́ dídì, ìbọn .22 tí wọ́n ní ìbọn ọmọdé ni ló sì wò mí sàn. Nítorí náà, ẹ má dá ẹni tó ní kí ẹ má rà á lóhùn.

Ọta tí à ń sọ yìí, .22 Long Rifle, ti wà láti ọdún 1887. Òjé tó ń fò jáde níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 2.6. Ti 9mm tó wọ́pọ̀ jù fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀. Ìyẹn ni ti .22 kì í fi í ta èèyàn lọ́wọ́, tí owó rẹ̀ kò sì fi pọ̀: páálí ọta 50 tí mo rà kẹ́yìn kò ju nǹkan bíi dọ́là 5 lọ. Ohun tí ìyàwó yín nílò kò ju kó yin ọta 100 láàárọ̀ kan láìsí pé ọkàn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọwọ́ á kọ́, ojú á kọ́, èémí náà á kọ́.

Ó ní àléébù tirẹ̀ o. Ohun tó ń gbaná nínú ọta yìí kò sí láàárín ìdí rẹ̀ bíi ti 9mm, inú etí tó yí ìdí kóróòfo náà ká ni wọ́n fọ́n ọn sí. Etí yẹn ni abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń tẹ̀ fọ́ kó tó dún. Bí ohun tó ń gbaná ò bá dé ọ̀gangan ibẹ̀, ẹ ó fa apátí, ẹ ó kàn gbọ́ “káì”, kò ní dún. Kí ẹ̀rù má bà yín, ẹ má sì yí ìbọn wo ohun tó dé. Ẹ jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ wà síbi pépà, ẹ ka 30 ìṣẹ́jú àáyá, kí ẹ tó yọ ọta náà. Tó bá dún ṣùgbọ́n tí ohùn rẹ̀ kéré bí ẹni pa àtẹ́wọ́, ẹ dúró pátápátá. Òjé lè ti há sínú ọ̀pá ìbọn, èyí tí ẹ bá sì yìn tẹ̀ lé e lè fọ́ ọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí ìbọn fúnra rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ dárúkọ dára, kò sí èyí tí ẹ ó rà tí ẹ ó kábàámọ̀. Ọta mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà, owó wọn ò sì jìnnà síra, láàárín 400 sí 600 dọ́là.

Ruger ló dàgbà jù. Ọdún 1949 ni wọ́n gbé àkọ́kọ́ jáde, tí wọ́n ń tà á ní dọ́là 37 àti sẹ́ǹtì 50. Ó ń yìn dáadáa láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n títú u palẹ̀ fọ̀ ni wàhálà. Bàbá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tú Ruger Mark III rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Fúráìdé kan, ọjọ́ Mọ́ńdè ló kó o sínú ọ̀rá gbé e lọ fún alátùn-únṣe, ojú ń tì í. Mark IV tó jáde ní 2016 ló gbà wá lọ́wọ́ ìyẹn: ẹ tẹ bọ́tìnnì kan lẹ́yìn rẹ̀, ó pín sí méjì. Oríṣi ìmú méjì ló ní. Ọ̀kan dagun sẹ́yìn, èkejì tí wọ́n ń pè ní 22/45 nàró bíi ti 1911, ìbọn ológun ilẹ̀ Amẹ́ríkà àtijọ́.

Browning Buck Mark, tó ti wà láti 1985, ni èmi ní nílé. Apátí rẹ̀ ni mo fẹ́ràn. Kì í fà gùn, kì í lọ́ra. Bí ìgbà téèyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mú kọ́kọ́rọ́ kékeré tú síkúrúù orí rẹ̀ kí ẹ tó lè fọ̀ ọ́ dénú, síkúrúù ọ̀hún sì ń fẹ́ kí a máa yẹ òun wò, kó má baà yọ̀.

SW22 Victory ti Smith & Wesson náà jáde ní 2016. Ó wúwo tó kílò kan, ìyẹn sì dára, torí ìwúwo ló ń jẹ́ kí ọwọ́ dúró. Síkúrúù kan péré ló di í pọ̀. Ojú ìwò rẹ̀ ń tàn bí ewé tútù, irin tí ẹ lè gbé gíláàsì aláàmì pupa lé sì máa ń wà nínú páálí rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ti ń wá gíláàsì ìkàwé yóò mọ ìdí tí mo fi sọ ìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìyàwó yín dání. Ẹ ní kí ẹni tó ń tajà fi hàn yín pé kò sí ọta nínú rẹ̀, kí ẹ fi ojú ara yín wo inú rẹ̀, kí ẹ tún wò ó. Kí ìyàwó yín wá dì í mú, kó dojú kọ ibi tí ẹni tó ń tajà bá fi hàn án, kó pa ojú dé, kó nà án síwájú, kó wá lajú. Bí ojú ìwò bá ti tò, ìmú yẹn bá a mu nìyẹn. Bó bá ń wo òkè tàbí ilẹ̀, kó gbé òmíràn. Kó wò ó bóyá orí ìka rẹ̀ dé apátí láìjẹ́ pé ó yí ọwọ́ padà. Kó fa ẹ̀yìn ìbọn náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Ìka àwa nọ́ọ̀sì tó ti fi ọdún 27 gbé aláìsàn lórí bẹ́ẹ̀dì kò tún gba ìlàkàkà.

Tí wọ́n bá bá ọwọ́ rẹ̀ mu bákan náà, Mark IV ni kí ẹ rà, 22/45 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 5.5. Èmi tí mo ní Buck Mark ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìdọ̀tí .22 pọ̀, ìbọn tí fífọ̀ rẹ̀ bá sì ṣòro kì í pẹ́ dẹni tí a kì í fọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ àlòkù ni ẹ rí, ẹ wo nọ́ńbà ara rẹ̀. Ní 2017, Ruger fúnra wọn pe àwọn Mark IV tí wọ́n ṣe ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún yẹn padà, torí bí èèyàn bá fa apátí nígbà tí ìdènà rẹ̀ wà ní agbedeméjì, ó lè yìn nígbà tó bá ti ìdènà náà sí ibi ìyìn. Èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú WBR tàbí 401, ẹ bi Ruger bóyá wọ́n ti tún un ṣe.

Ẹ gbójú kúrò lára àwọn pẹnpẹ tí ọ̀pá wọn ò gùn ju ìka lọ. Ẹ gbójú kúrò lára àwọn olówó ńlá náà, Model 41 ti Smith & Wesson tó ti wà láti 1957, tàbí Pardini ti ilẹ̀ Ítálì tí àwọn eléré Òlíḿpíìkì ń lò. Wọn ò burú rárá, àmọ́ owó yẹn á ra ọta ọdún púpọ̀.

Ẹ má sì ra ọta irú kan ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìbọn .22 máa ń ṣàyàn oúnjẹ bí ọmọ tó ń ṣe ehín. Ẹ ra oríṣi mẹ́rin, páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ lẹ abọ́ pépà tí à ń jẹ ìrẹsì níbi àríyá mọ́ iwájú, ẹsẹ̀ bàtà 21, kí ẹ yin mẹ́wàá mẹ́wàá. Tèmi ò fẹ́ràn ju ọta CCI Standard Velocity lọ, ó ń kó wọn jọ sójú kan bí ìdì ẹyẹ àparò. Tẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ irú ìbọn kan náà, Mini-Mag ló ń jẹ.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí gidi nìyí, torí nọ́ọ̀sì ni mí. Bó ti wù kó kéré tó, ohùn ìbọn .22 lè kọjá dẹ́síbẹ́lì 140, etí tó bá sì ti bàjẹ́ kì í padà. Bó bá jẹ́ inú ilé ni réńjì yín wà, ẹ ki fóòmù sétí, kí ẹ tún gbé ìborí etí lé e. Gíláàsì ojú kò ní àròyé. Òjé sì ni ọta náà, òjé wà nínú èéfín rẹ̀. Ẹ má jẹ ẹ̀pà tàbí ohunkóhun níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó wọ mọ́tò, ẹ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ẹ fọ aṣọ yẹn lọ́tọ̀. Tí ọmọ-ọmọ bá ń bọ̀ wá kí yín, ẹ wẹ̀ kí ẹ tó gbé e. Aboyún kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó ní kí dókítà wo ìwọ̀n òjé inú ẹ̀jẹ̀ òun nígbà tí wọ́n bá ń gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́dọọdún.

Nílé, inú àpótí onírin tó ní kọ́kọ́rọ́ ni ìbọn ń gbé, ọta lọ́tọ̀. Ní Texas, bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá dé ìdí ìbọn tó lọ́ta nínú nítorí àìkíyèsí yín, ẹ̀yin ni òfin máa mú. Ní Ṣakí, bí a bá sáré kọjá níwájú ṣakabùlà tí bàbá mi fi kọ́ ògiri, ohùn rẹ̀ ló máa dá wa dúró: “Ìbọn ní apátí, kò ní apátí, ta ni yóò jẹ́ kí á kọjú ìbọn sí òun?” Kò sígbà tí mo gbọ́ olùkọ́ ní réńjì tó ń pàṣẹ pé kí a ka gbogbo ìbọn sí èyí tó lọ́ta nínú tí kì í ṣe ohùn bàbá mi ni mo ń gbọ́.

Ní ti 500 yín, ẹ wá 100 kún un. Ìborí etí méjì, gíláàsì méjì, àpótí, ọta àkọ́kọ́: wọn ò wá lọ́fẹ̀ẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Dallas, físà F-1 ni mo fi wà níbí. Àwọn ará kíláàsì mi ń lọ yìnbọn ní òpin ọ̀sẹ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn lọ, pé ìbọn .22 lásán ni. Ẹnì kan tiẹ̀ ní òun á bá mi ra tèmi lórúkọ òun. Ṣé ó burú?
— Tóbi

ÌDÁHÙN: Ó burú, ọmọ mi. Òfin ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ yìí kò gba ẹni tó wà lórí físà bíi tìrẹ láyè láti ní ìbọn tàbí ọta, àfi àwọn díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bí ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ. .22 kò sì yàtọ̀ sí ńlá lójú òfin. Ẹni tó ní gíríìn káàdì lè rà á. Ìwọ kò tíì débẹ̀. Má ṣe gbé ìbọn wọn dání “fún fọ́tò lásán”. Ti ẹni tó fẹ́ bá ọ rà á yẹn, jìnnà sí i: ìwé 4473 tí wọ́n máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀bù ń béèrè bóyá ẹni tó ń fọwọ́ sí i gan-an ló ń rà á fún ara rẹ̀. Irọ́ ibẹ̀ ń ránni lẹ́wọ̀n, ẹ̀ṣẹ̀ ìbọn sì lè lé ọ padà sílé kí o tó gba dìgírì. Tó bá ń wù ọ́ gan-an, bi agbẹjọ́rò ìwọ̀lú ní ọ̀rọ̀ náà kí o tó fẹsẹ̀ kan réńjì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Màmá. Peckham ni mo wà. Ṣé mo lè ra irú ìbọn ìléwọ́ .22 tí ẹ máa ń sọ yẹn ní London?
— Kúnlé

ÌDÁHÙN: Rárá, àbúrò. Lẹ́yìn ìpànìyàn Dunblane ní Scotland ní oṣù Kẹta 1996, níbi tí ọmọ iléèwé 16 àti olùkọ́ wọn ti kú, ìjọba fòfin de ìbọn ìléwọ́ ńláńlá, kí 1997 sì tó parí wọ́n de .22 náà mọ́ ọn. Northern Ireland nìkan ni òfin yẹn kò dé. Ohun tó kù fún ẹ ni ìbọn ìléwọ́ tó ń fi afẹ́fẹ́ yìn. Ẹni tó ti pé ọdún 18 lè rà á ní England láìgba ìwé àṣẹ, bí agbára tó fi ń yìn kò bá ju 6 ft-lb (ìwọ̀n agbára ọta) lọ. Má fojú tín-ínrín rẹ̀: mítà 10 ni wọ́n ti ń yìn ín ní Òlíḿpíìkì, àmì àárín pépà náà kò sì ju mìlímítà 11.5 lọ. Wá ẹgbẹ́ tó ń yìn ín nítòsí rẹ, kí o ní kí wọ́n yá ẹ ní tiwọn fún oṣù kan kí o tó ra tìrẹ.