Ẹ Bi Wá: Ìwádìí Ìṣègùn Tó Ń Pani Lẹ́rìn-ín

Wọ́n fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sórí WhatsApp àdúgbò wa pé àwọn dókítà Amẹ́ríkà ti rí i pé páráṣúùtì kì í gba ẹni tó bá fò jáde nínú bààlúù. Wọ́n ní inú jọ́nà ńlá ni wọ́n ti kà á. Ṣé òótọ́ ni? (Nọ́ọ̀sì kan, Lafiaji)

Inú jọ́nà ńlá ló wà lóòótọ́: BMJ, ìwé ìwádìí ìṣègùn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oṣù Kejìlá ọdún 2018. Láti ọdún 1982 ni BMJ ti máa ń fi ẹ̀dà Kérésìmesì rẹ̀ gbé irú ìwádìí báyìí jáde. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n mú dání lè pani lẹ́rìn-ín, àmọ́ iṣẹ́ gidi ni wọ́n ṣe sí i.

Ènìyàn 23 ló gbà láti kópa. Kèké ni wọ́n fi pín wọn: àwọn 12 gbé páráṣúùtì kọ́ ẹ̀yìn, àwọn 11 gbé báàgì òfìfo. Gbogbo wọn fò, ẹnikẹ́ni ò kú, ẹnikẹ́ni ò sì ṣèṣe. Ohun tí ẹni tó fọ́n ọ̀rọ̀ náà ká gé kúrò ni pé orí ilẹ̀ ni ọkọ̀ òfurufú náà dúró sí, kò sún rárá. Ní ìpíndọ́gba, mítà 0.6 ni wọ́n ti fò, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà méjì. Àwọn èrò inú bààlúù tó wà lójú ọ̀run, ní nǹkan bíi mítà 9,000, kò sí nínú àwọn tó kópa.

Níbi yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún ẹ̀yin nọ́ọ̀sì. Tí wọ́n bá dán oògùn kan wò lára àwọn tí àìsàn wọn kò le, tí wọ́n wá ní kò ṣiṣẹ́, irú páráṣúùtì ẹsẹ̀ bàtà méjì yẹn ló lè jẹ́. Kí ẹ tó gba èsì gbọ́, ẹ wo irú ènìyàn tí wọ́n kó jọ, ẹ sì tún wo àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀. Ẹ ka àkópọ̀ ìwádìí dé apá ìparí rẹ̀: ibẹ̀ ni àwọn òǹkọ̀wé yìí ti sọ ọ́ fúnra wọn pé bààlúù wọn kò gbéra nílẹ̀.

Wọ́n kà á fún wa nínú ìpàdé pé ìwádìí ti jẹ́rìí sí i pé àdúrà máa ń wo ẹni tó ti kúrò ní ọsibítù láti ọdún mẹ́rin sẹ́yìn sàn. (Ọmọ ẹgbẹ́ aládùúrà, Ṣómólú)

Ìwádìí Leonard Leibovici, dókítà kan ní Ísírẹ́lì, ni wọ́n kà fún yín, tó jáde nínú BMJ lọ́dún 2001. Ó kó orúkọ aláìsàn 3,393 jọ, àwọn tí kòkòrò àrùn wọ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ní ọsibítù kan ní Ísírẹ́lì láàárín 1990 sí 1996. Lọ́dún 2000 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kèké pín orúkọ náà sí méjì, tí wọ́n sì gbàdúrà sí apá kan. Nínú àkọsílẹ̀, ibà àwọn tí wọ́n gbàdúrà fún tètè lọ, wọ́n sì tètè kúrò ní ọsibítù. Ní ti ikú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín apá méjèèjì kò tó ohun tí a lè tọ́ka sí.

Leibovici fúnra rẹ̀ ṣàlàyé lẹ́yìn náà pé kì í ṣe pé òun fẹ́ fìdí àdúrà múlẹ̀. Ó fẹ́ ká bi ara wa bóyá a máa gba ohun tó tako ìmọ̀ wa nípa ayé gbọ́ kìkì nítorí pé ìṣirò rẹ̀ gún. Kò bá àdúrà yín jà rárá. Ẹ máa gbàdúrà yín, kí aláìsàn sì máa lo oògùn rẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìwé yìí ṣe ẹ̀rí.

Ọmọ mi máa ń fa ìka ọwọ́ rẹ̀ kó lè dún. Ṣé kò ní fa làkúrègbé? (Ìyá kan, Súrùlérè)

Dókítà Donald Unger ní Amẹ́ríkà gbọ́ irú ìkìlọ̀ yìí lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ó fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ó kéré tán ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún 50 ọdún, ó fi ọwọ́ ọ̀tún sílẹ̀. Lọ́dún 1998 ó kọ ọ́ pé làkúrègbé kò sí lọ́wọ́ kankan. Ó gba ẹ̀bùn Ig Nobel, tí wọ́n fi ń dá ìwádìí tó ń pani lẹ́rìn-ín lọ́lá, lọ́dún 2009. Ẹnìkan ṣoṣo kò tó ẹ̀rí, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ìró ìka nìkan dẹ́rù bà yín. Tí oríkèé bá wú tàbí tó ń dùn ún, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Ṣíbí tíì kì í dúró ní kíṣìnì ọ́fíìsì wa. A gbọ́ pé wọ́n ti ṣèwádìí rẹ̀ rí, a fẹ́ ṣe tiwa. (Akọ̀wé, Marina)

Ilé ìwádìí Burnet ní Melbourne ni wọ́n ti ṣe é, BMJ sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2005. Ṣíbí 70 ni wọ́n fi nọ́ńbà sí. Láàárín oṣù márùn-ún, 56 ti pòórá. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé ọjọ́ 81 ni ìdajì ṣíbí máa ń lò kó tó lọ. Ní kíṣìnì tí gbogbo èrò ń wọ̀, ọjọ́ 42 péré ni. Ní kíṣìnì tó jẹ́ ti ẹ̀ka kan, ọjọ́ 77. Ṣíbí olówó iyebíye àti ṣíbí yẹpẹrẹ, bákan náà ni wọ́n ń lọ.

Ẹ ra ṣíbí tó jẹ́ irú kan náà, kó má dín ní 40. Tó bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹnìkan tó bá kó mẹ́ta lọ ti ba ìṣirò yín jẹ́. Ẹ má da ṣíbí ńlá tí wọ́n fi ń mu gààrí pọ̀ mọ́ ọn, torí orí tábìlì oníkálukú nìyẹn máa ń lọ. Kútẹ́ẹ̀sì pupa ni àwọn ará Melbourne fi kọ nọ́ńbà sí abẹ́ ọwọ́ ṣíbí. Kànrìnkàn onírin yóò tètè bó o, nítorí náà ẹ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ sì fi ìṣó ha nọ́ńbà náà síbẹ̀.

Ọ̀gá yín gbọ́dọ̀ mọ̀, kí àwọn tó kù má mọ̀. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ẹnìkan ń ka ṣíbí, wọ́n á máa ṣọ́ ọwọ́ ara wọn, èsì yín á sì bàjẹ́. Àwọn tó bá wà ní ilé ìwòsàn bíi LUTH ní Ìdí-Àràbà ní láti kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ nínú ìwádìí. Àwàdà kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ nínú ìyẹn.

Ẹ ka ṣíbí láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kí èrò tó wọlé, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ẹ wo inú kíṣìnì, abọ́ ìfọwọ́, àti orí tábìlì tí ojú lè rí. Ẹ má ṣí dúróọ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà nílẹ̀, kì í ṣe iye nìkan, torí ṣíbí kan lè sọnù lọ́sẹ̀ yìí kó padà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bí ẹ bá ní olóúnjẹ tó ń gbé abọ́ wá lọ́sàn-án, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó wo inú kúlà rẹ̀: tó bá kó tiyín mọ́ tirẹ̀, ẹ kọ ọ́ sọ́tọ̀. Ọjọ́ tí 20 nínú 40 bá ti lọ ni ìdáhùn yín.

Nígbà náà ni kẹ́ ẹ tó sọ fún gbogbo ọ́fíìsì. Ẹ gbé páálí kan sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì tí wọ́n á máa dá ṣíbí padà sí láìkọ orúkọ, kí ẹ sì fi nọ́ńbà tó bá wọlé wéra pẹ̀lú ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ.