Ọmọ mi bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ eegun: kí ló kù tí a ó máa ṣọ́?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Kubwa là ń gbé. Ọmọ mi obìnrin ní jẹjẹrẹ eegun lọ́mọ ọdún 12, wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lókè orúnkún. Ó ti di ọmọ ọdún 19, yunifásítì ló kàn. Ọdún mẹ́ta nìyí tí kò ti dé ilé ìwòsàn, ó ní ara òun ti le. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ sì kú oríire. Ọdún tí àrùn yìí sábà máa ń padà wá, tó máa ń lọ bà sínú ẹ̀dọ̀fóró, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Síbẹ̀, ẹ má fi í sílẹ̀. Oògùn tó wò ó sàn ló ń kọ mí lóminú báyìí.

Ṣé ẹ rántí oògùn pupa kan tí wọ́n ń fà sí i lára, tí ìtọ̀ rẹ̀ náà á sì pọ́n? Bó bá gba irú rẹ̀, doxorubicin ni. Ó lè sọ iṣan ọkàn di ahẹrẹpẹ, ó sì lè tó ọdún mẹ́wàá tàbí ogún kó tó hàn. Kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ́kò, èyí tí wọ́n ń fi nǹkan tútù yíyọ̀ pa àyà, tí èèyàn á máa rí ọkàn tó ń lù lójú ẹ̀rọ. Bó bá lóyún lọ́la, kó tètè sọ ìtàn yìí fún dókítà, torí oyún ń fi kún iṣẹ́ ọkàn. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó gba ìtọ́jú yìí ló ti bímọ o; kí aládùúgbò kankan má dẹ́rù bà á.

Cisplatin, oògùn mìíràn tí wọ́n sábà máa ń lò fún jẹjẹrẹ eegun, ní tirẹ̀ lè ba etí àti kíndìnrín jẹ́. Ohùn tínrín ló kọ́kọ́ ń sá mọ́ èèyàn létí. Bó bá ń sọ pé “kí lẹ wí?” lemọ́lemọ́, ẹ má pè é ní àìfetísílẹ̀. Ẹ mú un lọ yẹ etí wò kó tó wọlé ẹ̀kọ́, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìfúnpá wò pẹ̀lú.

Bí ẹsẹ̀ àtọwọ́dá rẹ̀ bá ti ń fún un tàbí tó ń yọ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn eegun Dala, ní Kánò. Nínú ooru Àbújá, kó máa fi ọṣẹ fọ ibi tí wọ́n gé lálaalẹ́, kó gbẹ dáadáa, kó sì fi dígí wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá ó bó.

Yunifásítì ńkọ́? Kó lọ. Kó béèrè yàrá ìsàlẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì láìtijú: òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní 2019 kò gbà kí wọ́n yà á sọ́tọ̀ torí ẹsẹ̀.

Ìwé tí wọ́n kọ oògùn rẹ̀ sí ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí fáìlì bá ti sọnù, ẹ kọ ohun tí ẹ rántí sílẹ̀ lónìí, kí ẹ sì fún òun gan-an ní ẹ̀dà kan.