Kí Ló Dé Tí Iye Ibo Kì Í Bá Iye Àga Mu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Ọmọ mi tó ń gbé ní Ìlú Ọba sọ fún mi pé ẹgbẹ́ Labour ló gbàjọba níbẹ̀ ní oṣù Keje ọdún 2024, síbẹ̀ àwọn tó dìbò fún wọn kò tó ìdajì. Ṣé òjóró ni, àbí bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn? Ǹjẹ́ ibì kan wà tí wọ́n ti ń ṣe é lọ́nà mìíràn? (Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan, Abẹ́òkúta)

Ìdáhùn: A dúpẹ́ o, olùkọ́ wa àgbà. Kò sí òjóró níbẹ̀. Òfin tí wọ́n fi ń ka ibo ló rí bẹ́ẹ̀, òun náà ni a sì jogún lọ́wọ́ wọn ní Nàìjíríà. Wọ́n pín Ìlú Ọba sí ẹkùn ìdìbò 650, aṣòfin kan ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan ń yàn, ẹni tí ibo rẹ̀ bá sì pọ̀ ju ti olúkúlùkù àwọn yòókù lọ ló máa wọlé, ì báà jẹ́ ìdá ọgbọ̀n péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí. Ibo tí àwọn tó kù rí ní ẹkùn náà kò wúlò fún wọn níbòmíràn. Bí Labour ṣe fi ìdá 33.7 nínú ọgọ́rùn-ún ibo gba àga 411 nìyẹn. Ti àwọn ẹgbẹ́ kékeré ló yà mí lẹ́nu jù: Reform UK rí ìdá 14.3, àga 5 péré ló gbà, nígbà tí Liberal Democrats, tó rí ìdá 12.2, gba 72, nítorí pé ibo tiwọn kóra jọ sí àwọn ẹkùn kan, ti Reform sì fọ́n káàkiri. Lójú tèmi, àbùkù ńlá ni kí ibi tí olùdìbò ń gbé já mọ́ nǹkan ju iye àwọn olùdìbò lọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò ni New Zealand, nítorí àwọn náà lo ètò Gẹ̀ẹ́sì yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ará ìlú tó fi ọwọ́ ara wọn dìbò pa á tì. Ní ọdún 1978, ẹgbẹ́ Labour ti ibẹ̀ ló ní ibo jù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ National ló ní àga jù, òun ló sì ń bá ìjọba lọ. Ní 1981, bẹ́ẹ̀ náà ló tún rí. Ní ọdún yẹn kan náà, ẹgbẹ́ kẹta tó ń jẹ́ Social Credit rí ibo tó lé ní ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún, àga méjì péré ló sì kàn án nínú 92. Ẹnì kan nínú ẹni márùn-ún tó dìbò ló yàn án o! Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí ìjọba gbé kalẹ̀ dábàá ní 1986 pé kí wọ́n mú irú ètò tí Jámánì ń lò. Àwọn olóṣèlú kò kánjú rárá, nítorí ètò àtijọ́ ló gbé wọn dé ipò. Àmọ́ inú ti ń bí àwọn ará ìlú sí ìjọba Labour àti ti National bákan náà, nítorí àyípadà ọrọ̀ ajé tí wọ́n ṣe láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fi í síwájú olùdìbò. Ní 1992, wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ ètò tuntun, ìdá tó ju ọgọ́rin lọ nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn fẹ́. Ní 1993, ìdá 53.9 fọwọ́ sí i pátápátá, wọ́n sì fi dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1996.

Ibo méjì ni olùdìbò ń dì báyìí: ọ̀kan fún ẹni tí yóò ṣojú ẹkùn rẹ̀, èkejì fún ẹgbẹ́ òṣèlú. Ibo ẹgbẹ́ ló ń pinnu iye àga. Ẹgbẹ́ tó bá rí ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún yóò ní nǹkan bí àga 24 nínú 120. Bó bá ti borí ní ẹkùn mẹ́wàá, wọ́n á mú mẹ́rìnlá tó kù láti inú orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ti tò sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá rí ìdá márùn-ún, tí kò sì borí ní ẹkùn kankan, kò ní àga. Ètò yìí náà ní ìnira tirẹ̀: lẹ́yìn ìdìbò 1996, nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi dúnàádúrà kí ìjọba tó dúró, ọdún 2020 sì ni ẹgbẹ́ kan tó kọ́kọ́ dá nìkan ní ju ìdajì àga lọ. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n tún bi àwọn ará ìlú ní 2011, púpọ̀ nínú wọn ní kí wọ́n má yí i padà.

Ìbéèrè: Ṣé Nàìjíríà lè ṣe irú rẹ̀? (Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ilé-Ifẹ̀)

Ìdáhùn: Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn. Ìwé òfin ọdún 1999 ló sọ pé aṣòfin kan ni ẹkùn kọ̀ọ̀kan yóò yàn, kí a sì tó lè tún ibẹ̀ kọ, ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé aṣòfin méjèèjì ní Àbújá àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i.

Orúkọ tí ẹgbẹ́ ń tò ló ń bà mí lẹ́rù jù. Bó bá jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ni yóò máa pinnu ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó gbẹ̀yìn, àwọn bàbá ìsàlẹ̀ tí ń fa ẹni tó wù wọ́n kalẹ̀ nísinsìnyí yóò tún lágbára sí i. Brazil gbìyànjú láti yẹra fún èyí: olùdìbò lè mú orúkọ ẹni tó fẹ́, wọ́n á ro ibo gbogbo olùdíje ẹgbẹ́ pọ̀ láti mọ iye àga tó kàn án, àwọn tí ibo wọn pọ̀ jù nínú ẹgbẹ́ ni yóò sì jókòó síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2010, aláwàdà kan tí wọ́n ń pè ní Tiririca rí ibo tó lé ní mílíọ̀nù kan ní São Paulo, ibo rẹ̀ sì ran àwọn olùdíje mìíràn tí tiwọn kéré lọ́wọ́ láti wọlé. Láti 2015 ni òfin wọn ti ní kí olùdíje fúnra rẹ̀ rí ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ibo tí a fi ń gba àga kan. Bí àwọn aṣòfin wa bá fẹ́ gbé irú ètò yìí yẹ̀ wò, irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sínú rẹ̀.