Ẹ Béèrè, Ẹ Gbọ́: Ilé-ìkàwé fún ẹni tó jìnnà sí ọgbà

Ẹ kú iṣẹ́, Olóòtú. Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè ni mò ń ṣe, iṣẹ́ ló dè mí mọ́ Ṣakí. Bí mo bá dé inú ọgbà yunifásítì wa, gbogbo jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń tẹ ìwádìí wọn sí, ló ń ṣí fún mi lọ́fẹ̀ẹ́. Nílé, lííǹkì kan náà á ní kí n san owó dọ́là. Ṣé wọn ò ka àwa mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Ṣakí

Wọ́n kà yín mọ́ ọn. Ẹ̀tọ́ yín sí ilé-ìkàwé náà kò yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń sùn ní họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ẹni tó ta jọ́nà ni kò mọ̀ yín. Kì í wo orúkọ. Àdírẹ́sì IP ló ń wò, ìyẹn nọ́ńbà tí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ kan ti ń wọlé. Nọ́ńbà ti ọgbà ni yunifásítì fún un nígbà tí wọ́n ṣe àdéhùn. Dátà fóònù yín ní nọ́ńbà tirẹ̀, kò sì sí nínú àdéhùn náà.

Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ilé-ìkàwé ṣe ń lo EZproxy, ètò kọ̀ǹpútà tó ń dúró láàárín yín àti ẹni tó ta jọ́nà. Àwọn mìíràn ń lo OpenAthens tàbí RemoteXs. Ẹ ó fi nọ́ńbà mátíríìkì àti páàsíwọ́ọ̀dù wọlé, EZproxy á wá bá yín mú àpilẹ̀kọ náà wá lórúkọ ọgbà. Orí ojú-ìwé ilé-ìkàwé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí wọ́n bá kọ "remote access" tàbí "off-campus access" sí. Bí ẹ bá gba orí Google lọ tààrà, ẹ ti fò ó kọjá nìyẹn, owó ni wọn ó béèrè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í nìyí: wọ́n á kọ́pì àdírẹ́sì tó wà lókè bráúsà, wọ́n á fi í sórí WhatsApp fún ẹgbẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kejì ó lè má ṣí mọ́, torí ó lè jẹ́ ti ìgbà tí ẹnì kan wọlé yẹn nìkan. DOI ni kí ẹ mú, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ àpilẹ̀kọ tí kì í yí padà, tó máa ń fi 10. bẹ̀rẹ̀ nítòsí àkọlé rẹ̀. Bó bá jẹ́ EZproxy ni, ẹ gba ìbẹ̀rẹ̀ àdírẹ́sì tiwọn lọ́wọ́ ilé-ìkàwé, èyí tó parí sí login?url=, kí ẹ lẹ https://doi.org/ àti DOI náà mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Irú lííǹkì bẹ́ẹ̀ kì í tètè kú.

Bó bá kọ̀ páàsíwọ́ọ̀dù yín, ó ṣeé ṣe kí orúkọ yín má tíì dé ọ̀dọ̀ ilé-ìkàwé. Ọ̀dọ̀ rẹ́jísítírà ni àkọsílẹ̀ ti máa ń wá, ẹni tó bá sanwó pẹ́ sì lè má sí nínú rẹ̀. Ẹ má kàn kọ̀wé pé "kò ṣí". Ẹ kọ nọ́ńbà mátíríìkì, ẹ̀ka yín, ọjọ́ tí ẹ sanwó, lííǹkì tí ẹ tẹ̀, kí ẹ sì fi àwòrán ohun tó hàn lójú fóònù sí i. Ẹni tó bá rí gbogbo èyí kò ní máa bi yín ní ìbéèrè sẹ́yìn-sẹ́yìn.

Kó tó yanjú, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀fẹ́ lórí JSTOR, àkójọ jọ́nà kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ lè ka àpilẹ̀kọ 100 láàárín ọjọ́ 30 lójú ẹ̀rọ. Bí ẹ bá ní láptọ́ọ̀pù, ẹ fi Unpaywall sórí Chrome tàbí Firefox. Ó ń wá ẹ̀dà ọ̀fẹ́ tó bófin mu. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe dáńlóòdù odidi jọ́nà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó tà á lè ti ilẹ̀kùn mọ́ gbogbo yunifásítì.

Ilé-ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ni mò ń bójú tó. A ní akẹ́kọ̀ọ́ sáńdíwíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá kàwé nígbà ìsinmi, ní ibùdó mẹ́ta, kò sì sí owó irú ètò bí EZproxy. Báwo la ṣe lè mú ìwé dé ọ̀dọ̀ wọn? — Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé tí wọ́n máa kà gan-an. Ẹ gba orúkọ àwọn ìwé lọ́wọ́ olùkọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀; bí èyí bá pẹ́, gbogbo ohun yòókù ló máa pẹ́. Ẹ kó ìwé ibùdó kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kí orúkọ ìwé kọ̀ọ̀kan wà lára ìdérí, kí ẹnì kan ṣoṣo fọwọ́ sí i, kí ó sì ka iye ìwé inú rẹ̀ nígbà tó bá ń gbà á àti nígbà tó bá ń dá a padà. Inú àpótí tí kò ní ẹni tó ń bójú tó o ni ìwé ti máa ń sọnù.

Orí ìwé kan tí ẹnì kan béèrè fún, ẹ sikáànì rẹ̀ ní 300 dpi, láìlo àwọ̀, kí ẹ sì ṣe OCR, ìyẹn sísọ àwòrán ojú ìwé di ọ̀rọ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá tóbi jù, ẹ dín in kù kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Dátà wọn ló ń jẹ. Ẹ má sikáànì odidi ìwé o, òfin ẹ̀tọ́ oníwèé ti Nàìjíríà (Copyright Act 2022) kì í sábà fàyè gba ìyẹn.

Ẹ yan nọ́ńbà WhatsApp kan, kí ẹnì kan máa dáhùn lálẹ́ àti lọ́jọ́ Sátidé, torí ìgbà náà ni àwọn òṣìṣẹ́ yìí ń ráyè kàwé.

Mo wà ní ìsinmi ìwádìí ní Britain. Ṣé mo ṣì lè lo ilé-ìkàwé wa nílé? — Olùkọ́ yunifásítì

Ẹ ṣì lè lò ó, níwọ̀n ìgbà tí ẹ bá ṣì wà nínú ìwé òṣìṣẹ́. Èyí tó yàtọ̀ ni Research4Life, ètò tó ń fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní orílẹ̀-èdè tí kò lówó púpọ̀ ní jọ́nà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ní owó pọ́ọ́kú: inú orílẹ̀-èdè tí ilé-ẹ̀kọ́ yín ti forúkọ sílẹ̀ ni àdéhùn rẹ̀ fàyè gbà, ẹ má fi VPN, ohun tó ń fi ibi tí ẹ wà pamọ́, dọ́gbọ́n sí i. Ẹ béèrè káàdì àlejò ní ilé-ìkàwé yunifásítì tó gbà yín lálejò.