Ọ́ìlì, fáànù, bíréèkì: èwo ni kí n ṣe fúnra mi?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ káàsán o, Màmá. Corolla 2005 ni mò ń wà, tòkunbọ̀ Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnì 1.8. Láti Karu ni mo ti ń gbé e lọ síbi iṣẹ́ ní àárín Abuja lójoojúmọ́. Owó iṣẹ́ mẹkáníìkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́n àpò mi gbẹ, ni mo bá ra sípánà, mo ń wo fídíò lórí YouTube. Mo ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì fúnra mi, ọkọ̀ sì ń lọ dáadáa. Nǹkan mẹ́ta ló wà nílẹ̀ báyìí. Àsìkò àtiyí ọ́ìlì ti tó. Bíréèkì iwájú ń han bí mo bá tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnì ṣe gbóná tó sì máa ń gòkè bí a bá há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Nyanya, ṣùgbọ́n bí ọ̀nà bá ti là, á wálẹ̀. Ìyàwó mi ní bí mo bá fọwọ́ kan bíréèkì, òun ò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ṣé kí n ṣe wọ́n ni, àbí kí n gbé e fún wọn? — Olùkàwé, Karu

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bá mi kí ìyàwó rẹ. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ tó sọ.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ta páàtì ní Mechanic Village, Apo. Aṣọ kọ́ ni mo fi ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Mo ti rí akọ̀wé tó wọ kóòtù wá, tó yọ páàdì bíréèkì àtijọ́ nínú ọ̀rá, tó fi wọn tuntun wò kó tó sanwó. Mo sì ti rí ọ̀gá mẹkáníìkì tí irun rẹ̀ ti funfun tó kàn nawọ́, "Màmá, ẹ fún mi ní ti Corolla," kò sọ ọdún, kò sọ ẹ́ńjìnì. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ á ti gbé e padà wá bá mi.

Nítorí náà, bí àwọn oníbàárà bá bi mí ní irú ìbéèrè tìrẹ, èmi náà máa ń bi wọ́n ní ẹyọ kan: bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, níbo lo ti máa mọ̀? Púlọ́ọ̀gì tó o ṣe yẹn, ká ní o ṣe é tì ni, ọkọ̀ á máa gbọ̀n rìrì níwájú ilé, o ò tíì dé ẹnu géètì. Bíréèkì kì í sọ tirẹ̀ nílé. Ó di ibi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́ ní Kugbo, tí tírélà wà níwájú.

Ọ́ìlì, ṣe é. Lítà 3.7 ni ẹ́ńjìnì rẹ ń gbà bí o bá pààrọ̀ fílítà pọ̀ mọ́ ọn. Gálọ́ọ̀nù tí à ń tà, lítà 4 ni. Àwọn èèyàn mi á da gbogbo rẹ̀ sínú, wọ́n á ní àwọn ti sanwó rẹ̀. Má dà á tán. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, irin tó ń yí nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì á máa lù ú títí á fi máa hó bí ọṣẹ. Má sì wọ abẹ́ ọkọ̀ tó jẹ́ jáàkì nìkan ló gbé e dúró, kódà bó jẹ́ ìṣẹ́jú kan. Ọ́ìlì dúdú tó o bá fà jáde, má dà á sí gọ́tà: àwọn káfíńtà ń wá a, wọ́n ń fi kun pákó nítorí ikán.

Ti ooru yẹn ńkọ́? Mẹkáníìkì kọ́ ló kàn, rẹwáyà ni. Gbọ́ ohun tí ìwọ fúnra rẹ kọ: bí ọkọ̀ bá dúró, ó ń gbóná, bó bá ń sáré, ó ń tutù. Bó bá ń sáré, atẹ́gùn ọ̀nà ló ń fẹ́ sí rédíétọ̀. Bó bá dúró, fáànù nìkan ló kù. Ṣáná sí i níwájú ilé, tan AC, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó o fi ojú wò ó, má fi ọwọ́ sún mọ́ ọn. Ó yẹ kí fáànù máa yí. Bí kò bá yí, pa ọkọ̀, kó o wo fíúùsì rẹ̀. Ìyẹn, o lè rà á kó o sì fi sí i fúnra rẹ. Bí fíúùsì bá wà lódidi, gbé e lọ bá rẹwáyà. Bí o bá gbé e lọ síbòmíràn, wọ́n lè yọ thermostat, ìlẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi rédíétọ̀ dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná, dànù, kí wọ́n ní ooru ilẹ̀ Hausa ti tó, a ò nílò rẹ̀. Mò ń tà á, torí náà o lè rò pé ọjà ni mò ń polówó, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnì tí kò ní i kì í tètè gbóná dé ibi tó yẹ, epo ló sì fi ń jẹ. Fáànù rẹ ò sì tíì yí síbẹ̀. Má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá gbóná, bó ti wù kí àwọn ọmọ oní-pure-water Nyanya pariwo "Oga, water!" tó.

Ó ku bíréèkì. Ọkọ̀ Sienna tèmi ni mo gbé lọ sí ìsọ̀ kan lọ́dún kan. Ọ̀gá ibẹ̀ ti lọ síbi ìkómọ, ọmọ iṣẹ́ ló bá mi yẹ ọkọ̀ wò. Ó rí i pé omi bíréèkì ti lọ sílẹ̀, ló bá mú ike tó wà nítòsí, ó rọ ọ́ kún. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnì ló wà nínú ike náà. Ní ọjọ́ kejì, lójú ọ̀nà Kubwa, mo ń tẹná, ọkọ̀ ò fẹ́ lọ. Òórùn jíjó gbalẹ̀, táyà iwájú gbóná débi tí a ò lè sún mọ́ ọn. Nígbà tí a ṣí ilé omi bíréèkì, rọ́bà inú ìdérí ti wú, kò wọ ojú ibi tó ti jáde mọ́, àfi bíi pọ̀ǹmọ́ tó sùn sínú omi. Bí ti ìdérí ṣe wú ni gbogbo rọ́bà inú bíréèkì ṣe wú. Gbogbo wọn la pààrọ̀. Èmi tí mò ń ta páàtì, mo ra páàtì sú.

Nítorí náà, gbé bíréèkì fún ẹni tó mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n má fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó o lọ. Bẹ ọ̀gá fúnra rẹ̀ pé kó ṣe ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ìwọ ṣe tòsì lójú rẹ̀, kó o sì sanwó iṣẹ́ ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó ṣeé ṣe kí híhan yẹn jẹ́ irin pẹlẹbẹ kékeré tí wọ́n fi sára páàdì, tó máa ń ha dísìkì, àwo irin tó ń bá táyà yí, bí páàdì bá ti fẹ́ tán. Má jẹ́ kí kálípà, irin tó di páàdì mú, rọ̀ sórí rọ́bà tó gbé omi wá, fi okùn so ó rọ̀. Bí o bá ń ti písítìnì, irin inú kálípà tó ń ti páàdì, padà, máa wo ilé omi bíréèkì, torí omi á gòkè, ó sì lè ṣàn síta. Bí ẹ bá dè é tán, tẹ bíréèkì títí ẹsẹ̀ rẹ á fi mọ̀ pé ó ti le, kó o tó gbé ọkọ̀ sí jíà. Àkọ́tẹ̀ á wọlẹ̀ pátápátá, àyà rẹ á sì já. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, ògiri ló máa ń dá a dúró.

Ìyàwó rẹ ò ṣàṣejù o. Jẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń ṣe é.

Bí o bá ń bọ̀ wá ra páàdì, mú ti àtijọ́ dání. Fi ọ̀rá méjì dì í, eruku dúdú ara rẹ̀ kì í kúrò lára aṣọ funfun.