Ìdílé wo ni Cornelius ní Róòmù àtijọ́, ta sì ni àwọn gbajúmọ̀ wọn?

Ọ̀kan nínú àwọn ìdílé ọlọ́lá tó lágbára jù ní Róòmù ni. Orúkọ kejì ni kí ẹ máa wò: nínú Publius Cornelius Scipio, Publius ni orúkọ àbísọ, Cornelius ni ti ìdílé, Scipio ni ti ẹ̀ka. Cornelia lásán ni wọ́n sábà ń pe àwọn ọmọbìnrin wọn.

Ẹ̀ka Scipio ló lókìkí jù. Scipio Africanus ṣẹ́gun Hannibal, ọ̀gágun Carthage, ìlú ńlá kan ní Àríwá Áfíríkà, ní Zama lọ́dún 202 ṣáájú ìbí Kristi. Ọmọbìnrin rẹ̀, Cornelia, ló bí Tiberius àti Gaius Gracchus tí wọ́n jà kí mẹ̀kúnnù lè rí ilẹ̀ dá oko; obìnrin ńlá gbáà ni. Scipio Aemilianus tó run Carthage lọ́dún 146 ṣáájú ìbí Kristi, ọmọ ìdílé Aemilius ni, ṣe ni wọ́n gbà á ṣọmọ.

Sulla, apàṣẹ aláìlópin, wá láti ẹ̀ka mìíràn. Ó dá ẹrú tó lé ní 10,000 sílẹ̀, gbogbo wọn sì ń jẹ́ Cornelius, orúkọ ìdílé rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe gbogbo Cornelius ló bá wọn tan. Lára òkúta ibojì, lẹ́tà F lẹ́yìn orúkọ bàbá túmọ̀ sí ọmọ bíbí. L lẹ́yìn orúkọ olówó ẹrú túmọ̀ sí ẹrú tó gba òmìnira.