Kí là ń pè ní ìkúnlẹ̀ abiyamọ?

Ẹni tó bèèrè ìtumọ̀ "ìkúnlẹ̀ abiyamọ" ní orí rédíò lòun ti gbọ́ pé ìyá tó kúnlẹ̀ bẹ ọlọ́pàá nítorí ọmọ rẹ̀ ni. Irọ́ ni o! Ta ló ń gbé irú àwọn bẹ́ẹ̀ sídìí ẹ̀rọ gbohùngbohùn?

Orí ìkúnlẹ̀ làwọn ìyá wa ti ń bímọ. Agbẹ̀bí ni ìyá mi àgbà ní Ìsàlẹ̀ Àfọ́n, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, èmi ni mo sì máa ń pọnmi fún wọn. Wọ́n ní ìyàwó olówó o, ìyàwó alágbàṣe o, ilẹ̀ kan náà lorúnkún wọn ń kàn, igbe kan náà ni wọ́n ń ké. Ẹnu ikú tí obìnrin yà sí kó tó gbọ́ igbe ọmọ, òun ni ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Àwọn kan á sáré fa "ìbí kò ju ìbí" yọ. Òótọ́ ni, àmọ́ ìkúnlẹ̀ ló bí òwe yẹn.

Ìdí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nílẹ̀ Yorùbá nìyẹn. Ẹ má sọ fún mi pé Paris ló ti bẹ̀rẹ̀, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948. Mi ò kóyán Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe níbẹ̀ kéré, abala 30 ni, àkọ́kọ́ sì ní iyì àti ẹ̀tọ́ gbogbo èèyàn dọ́gba. Àmọ́ níbi tí Òyìnbó ti sọ̀rọ̀ ẹ̀mí arákùnrin, ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kọ "gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá". Ṣé ẹ rí ọ̀dọ̀ ẹni tó padà sí?

Nígbà èwe mi, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó jí èlùbọ́ ní Ọjà Jagun. Igi ti pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ìyá arúgbó kan tí kò mọ̀ ọ́n rí figbe ta: "Ẹ wo ti ìkúnlẹ̀ abiyamọ!" Ọwọ́ rọ̀. Ìyá náà ò sọ pé kò jalè. Ohun tó ń sọ ni pé ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kí eléyìí tó wáyé, a ò gbọdọ̀ ná an bí owó tá a rí he. Wọ́n bu èlùbọ́ kóńgò kan fún un, kí wọ́n tó mú un lọ sílé baálé.

Lónìí, táyà àti fóònù ni wọ́n ń mú jáde. Lọ́dún tó kọjá, mo pariwo gbólóhùn yẹn níbi tí wọ́n ti ń lu ọmọ kan lójú títì. Ọ̀dọ́ kan yíjú sí mi, ó ní: "Bàbá, abiyamọ wo?"